Àga òkú òyìnbó ni mo fi ń gba àlejò

Tí ẹ bá ní tábìlì ìjẹun nílé, tí ẹ ń wá àga mẹ́fà tí ẹ máa tò yí i ká, tí owó ọwọ́ yín kò sì ju pọ́n-ùn 250 lọ, ẹ fi àga tuntun sílẹ̀. Owó yẹn kò ra àga tuntun gidi mẹ́fà. Pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀ ló máa rà, èyí tí ẹ máa fi sukúrù dè fúnra yín ní pálọ̀, tí yóò sì ti máa mì kí ọdún tó yípo. Ẹ lọ wá èyí tí wọ́n kàn láyé Ọbabìnrin Victoria. Ọmọ káfíńtà ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé báyìí, àlejò kì í sì í tán nílé mi: ọmọ ìjọ, ọmọ ẹgbẹ́, àti àwọn ará ilé ọkọ tó máa ní àwọn kàn ní káwọn yà kí wa ni, tí wọ́n á jókòó láti aago méjì ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àga tí kò lápá ni mò ń wí, èyí tí àwọn tó ń tà á níbí ń pè ní side chair. Àwọn kan gbà pé àga tí kò lápá kò tíì pé. Kí wọ́n wá wo ọjọ́ ìkómọ nílé mi. Ọkùnrin tó bá wọ agbádá jókòó sínú àga alápá, aṣọ á há lọ́tùn-ún, á há lósì, nígbà tí àgbà bá sì wọlé tó yẹ kó dìde kí i, ó di kó kọ́kọ́ máa tú aṣọ kúrò lára igi. Ìyá tó ró aṣọ òkè, tó tún so ìborùn mọ́dìí, àga alápá á fún un mọ́ra. Àga tí kò lápá, ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ náà ló fi ń jáde. Ibi tí alápá mẹ́fà kò ti ní gbà, mẹ́fà rẹ̀ á gbà níbẹ̀ láìfún ara wọn.

Ọkọ mi kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Àga òkú òyìnbó ló ń pè wọ́n. Ó ní ṣé mo bi ẹni tó tà á bóyá orí rẹ̀ ni ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kú sí. Mo ní mọ́tò tó ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, ṣé ó bi ẹni tó tà á fún un? Mọ́tò tòkunbọ̀, fíríìjì tòkunbọ̀, bàtà òkìrìkà, kò sí èyí tí a kò rà rí nílé wa ní Nàìjíríà. Àga nìkan ló wá di ohun ẹ̀rù. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ iyán lórí ọ̀kan nínú wọn, kò sì tíì sí òkú tó wá bi í pé ta ló ní kó jókòó.

Irú àga pọ̀, màá sì dárúkọ wọn, àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ ìjókòó ju orúkọ lọ. Ẹ má sanwó àga tí ẹ kò tíì dojú rẹ̀ délẹ̀. Pólíìṣì lè mú igi burúkú dán. Abẹ́ àga ni kì í parọ́.

Kí n tó dojú rẹ̀ délẹ̀, mo máa ń di orí rẹ̀ mú, kí n fi orúnkún tẹ iwájú ìjókòó, kí n wá tì í síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àga tó le kì í fọhùn. Èyí tó bá ń ké, mo fẹ́ mọ ibi tí igbe ti ń wá. Tó bá jẹ́ ibi tí igi ìjókòó ti wọnú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn wọ́pọ̀, kì í sì í pa àga. Àwọn káfíńtà ayé ọjọ́un máa ń gbẹ́ orí igi kan tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tì í bọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára igi kejì, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ àti egungun ẹran lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù yẹn máa ń gbẹ, á sì dẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ń tú u, ohun tó sì dáa jù lára rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè tú gbogbo àga náà palẹ̀, kó fọ oríkèé rẹ̀ mọ́, kó sì tún un lẹ̀ láìdá igi kankan. Ohun tí mo máa ń sá fún ni ìṣó, àti irin onígun tí wọ́n fi sukúrù dè mọ́ abẹ́, àti gọ́ọ̀mù ìgbàlódé tó gan mọ́ igi. Ẹni tó kan ìṣó mọ́ oríkèé àga ti la igi náà nínú, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ tí kò ní já nǹkan dání. Bàbá mi kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ó máa ní kí wọ́n gbé e padà lọ bá ẹni tó kan ìṣó mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ní igi kéékèèké tó gbá igun mú lábẹ́, àwọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jọ ti igi tó kù, kó ti ṣú, kó ti gbẹ. Èyí tó bá mọ́ yànyàn láàárín wọn, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìjókòó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé gbé yọ, ẹ gbé e yọ kí ẹ wo inú férémù. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa rí nọ́ńbà Róòmù tí wọ́n fi irin gé sára igi, I, II, III, IIII, ọ̀kan lára férémù, ọ̀kan lára ìjókòó, kí káfíńtà lè mọ èyí tó bá èyí mu. Tí ẹ bá fẹ́ ra mẹ́fà, tí ẹ sì rí VII tàbí VIII láàárín wọn, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ju mẹ́fà lọ tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, àmọ́ ẹ lè fi ná an.

Ihò kòkòrò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àga àtijọ́ ló ní in díẹ̀, ihò tóótòòtó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Èyí tí inú rẹ̀ ti dúdú, kòkòrò ibẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ẹ gbé àga náà lé bébà funfun kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Tí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá dà sílẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹun nínú rẹ̀ o, ẹ má gbé e wọlé tọ àwọn yòókù lọ. Ẹ tún wo ibi tí ìlò ti jẹ ẹ́. Àga tí èèyàn lò fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ibi tí gìgísẹ̀ ń kàn níwájú á ti jẹ, ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yípo, ibi tí ọwọ́ ń dìmú lókè á ti dán. Èyí tó bá gbó dọ́gba níbi gbogbo, ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ gbó o.

Kí ẹ sì mú téèpù dání. Ìjókòó tó bá tábìlì ìjẹun mu kì í jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀. Àwọn àga kan wà tí ìdí ẹsẹ̀ wọn ti jẹrà tí wọ́n sì gé e kúrò, tí wọn kò ní sọ fún yín. Tó bá jẹ́ 40 ni téèpù kà, àgbọ̀n àlejò yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abọ́ ọbẹ̀.

Ó yá, àwọn àga ọ̀hún gan-an. Mẹ́fà tó yí tábìlì mi ká, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe roboto tí àárín rẹ̀ sì ṣófo ni wọ́n, balloon-back lorúkọ wọn lọ́jà. Láàárín ọdún 1830 sí 1870 tàbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbajúmọ̀, ilé àwọn tó rówó díẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan kò sì lè ṣe kó má ní in nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣì pọ̀ títí dòní. Pọ́n-ùn 210 ni mo san fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mahogany ni. Igi yìí àti ọ̀gànwó tiwa, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá ti rí ojú ọ̀gànwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá kò ní ṣì í mọ̀. Ó wúwo lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n ṣókí, ó sì ń gba pólíìṣì dáadáa.

Bí igi náà ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní 1721 ni wọ́n ṣe òfin tó mú owó ibodè kúrò lórí pákó tó ń ti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní ìhà Amẹ́ríkà wá, mahogany sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, láti Jàmáíkà ṣáájú, lẹ́yìn náà láti Kúbà àti Honduras. Àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ń wọ igbó lọ gé e. Nígbà tí àga balloon-back sì wà lójú ọpọ́n, wọ́n ti fòpin sí ẹrú ní àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Kúbà kò fi í sílẹ̀ títí di 1886, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lásìkò tí ogun ń jà nílé. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi nígbà tí a ń nu àwọn àga náà. Èyí àkọ́bí ní ṣé kò yẹ ká dá wọn padà ni. Mo ní fún ta? Ìdílé wa náà ló ń jókòó sórí wọn báyìí.

Jíjókòó sí i dáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọra tẹ̀ síbi tí ẹ̀yìn èèyàn ti tẹ̀, kò ga ju abẹ́ èjìká lọ, nítorí náà gèlè kò ní ohun tó máa kàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá rí àwọn àga olóri gíga aláràbarà tí wọ́n máa ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù: èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju orí lọ, ó máa ń ti gèlè bọ́ síwájú orí, ìyàwó ilé tó bá jókòó sí i á fi ọwọ́ kan di gèlè mú títí ayẹyẹ á fi parí. Àléébù balloon-back ni pé kò sí igi ìdábùú tó so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀, gbogbo agbára ẹ̀ wà ní oríkèé ìjókòó. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa gbé ẹsẹ̀ méjì iwájú àga sókè tó bá ti yó, kó lọ jókòó sórí sófà. Mo ní àna kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjókòó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, àga kíṣìnì ni, kò sì tíì bi mí ìdí rẹ̀.

Inú ìjókòó, irun ẹṣin ni wọ́n fi kún un, lórí okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n hun síra. Tí àárín rẹ̀ bá ti rì, kì í ṣe irun náà ló bàjẹ́, okùn ló já. Irun ẹṣin ṣeé fọ̀, ó ṣeé tú, ó sì ṣeé tún lò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù kí wọ́n wá fún yín ní fóòmù olówó pọ́ọ́kú. Òfin iná tí wọ́n ṣe níbí ní 1988 kò mú àga tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1950, ṣùgbọ́n fóòmù tuntun tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin fọwọ́ sí, nítorí èéfín fóòmù burúkú ń pani. Obìnrin tó bá mi bo tèmi, àṣẹ́kù ẹtù tí mo fi ṣèyàwó ni mo kó fún un. Ó bi mí pé irú aṣọ wo nìyí tó le tó báyìí, ó ní abẹ́rẹ́ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Ẹ máa gbọ́ orúkọ Chippendale lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń ta àga tí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n gbẹ́ ní iṣẹ́ ọnà. Thomas Chippendale, ọmọ Otley ní Yorkshire, ní ṣọ́ọ̀bù ní St Martin's Lane ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ ìwé àwòrán àga àti kọ́bọ́ọ̀dù jáde ní 1754. Ìgbà tí ìwé ti jáde, káfíńtà ìlú èyíkéyìí tó bá rówó rà á ti lè kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kàn án nígbà náà, wọ́n tún kàn án ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì tún kàn án láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Ọ̀rọ̀ Hepplewhite, káfíńtà mìíràn, náà nìyẹn, ẹni tí ìwé tirẹ̀ jáde ní 1788, lẹ́yìn tó ti kú. Tirẹ̀ ni àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bí apata ogun. Nítorí náà orúkọ kì í ṣe owó. Èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1920 ní àwòrán Chippendale, tó bá jẹ́ mahogany tó sì le, àga ìjẹun tó dáa ni, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ mi kan ra mẹ́rin. Kí ẹ ṣáà má san owó ọdún 1760 fún un.

Tí wọ́n bá ní kí n mú irú kan ṣoṣo, Windsor ni màá mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lẹ́wà tó mahogany lójú àlejò. Káfíńtà inú mi ló ń sọ̀rọ̀. Nínú àga yòókù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló gùn títí tó fi di ẹ̀yìn àga. Windsor kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó ìjókòó kan tó nípọn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: wọ́n lu ihò sí i lábẹ́, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n lu ihò sí i lókè, wọ́n ki ọ̀pá ẹ̀yìn bọ̀ ọ́. Nǹkan kan bá kán, ẹyọ yẹn nìkan lẹ máa pààrọ̀. Wọ́n sì gbẹ́ ojú pákó náà kòtò díẹ̀ kó lè gba ìdí, débi pé ẹ lè jókòó sí i láìsí tìmùtìmù, ẹ ò ní mọ̀.

High Wycombe ní Buckinghamshire ni olú ìlú rẹ̀. Àwọn òkè Chiltern tó yí ìlú náà ká kún fún igi beech, àwọn ọkùnrin kan sì ń ṣiṣẹ́ nínú igbó náà, wọ́n ń fi igi tútù rọ ẹsẹ̀ àga, wọ́n á kó o wálé fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tò ó pọ̀. Beech tàbí ash ni ẹsẹ̀ rẹ̀, elm ni ìjókòó, torí pé okun inú elm lọ́ mọ́ra, kì í là bọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lu ihò sí i. Elm yẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa rọ àwọn èèyàn kí wọ́n tètè ra èyí tó wà nílẹ̀. Àrùn kan jà ní àwọn ọdún 1970 tó pa ọ̀kẹ́ àìmọye igi elm ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pákó elm fífẹ̀ sì ti di ohun ọ̀wọ́n láti ìgbà náà. Àga kíṣìnì Windsor kan tí kò lápá, mo ti rà á ní pọ́n-ùn 35. Ẹ wá sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ń ta pákó elm yẹn nìkan níye bẹ́ẹ̀. Ercol, ilé iṣẹ́ àga tí gbogbo àwọn ọmọ yín ń lé ọjà rẹ̀ kiri báyìí, ìlú kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1920, ṣùgbọ́n àga tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀, lẹ́yìn ogun kejì ni. Àga tó dára ni. Kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, iye tí wọ́n ń tà á sì ti ju ti bàbá rẹ̀ lọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún àga Thonet, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ará Jámánì ni Michael Thonet, Vienna ló ti ṣe orúkọ. Ó fi ooru omi gbígbóná tẹ igi beech títí ó fi lọ́ róbótó, àga rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 14, tó jáde ní 1859, igi mẹ́fà péré ni, pẹ̀lú sukúrù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì. Mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n tú palẹ̀ ń wọ inú àpótí onímítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Bàbá mi ì bá ti gbá ilẹ̀ ẹ̀rín tó bá gbọ́ iye igi rẹ̀. Ó fúyẹ́, ọmọ ọdún méje lè gbé e, ó sì lẹ́wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àmọ́ pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun ìjókòó ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọdé kan sì gun ti yàrá wa láti mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú rẹ̀ lọ. Híhun pankẹ́rẹ́ tuntun gbówó lórí ju àga náà fúnra rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ wá bébà tàbí òǹtẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, torí pé nígbà tí ẹ̀tọ́ tí Thonet ní láti máa nìkan ṣe é parí ní 1869, ilé iṣẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì yẹ kó wà nílé gbogbo Yorùbá tó wà níhìn-ín, ni àga ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ilé ìjọsìn tó ti kógbá sílé ló ń tà wọ́n jáde. Beech ni, ìjókòó elm, igi ìdábùú sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ yípo, nítorí náà kì í mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí pẹlẹbẹ kan tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń fi Bíbélì àti ìwé orin sí. Wọ́n kàn án fún èèyàn tó máa jókòó gba ìwàásù gígùn, tó máa dìde kọrin, tó máa tún jókòó, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún gbọọrọ. Àlejò wo ló tún kù tó máa ni í lára? Mo ní mẹ́jọ. Pọ́n-ùn 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ ọ̀rọ̀ bá pọ̀, ara ògiri ni mo máa ń tò wọ́n sí, àwọn ìyá ìjọ á sì ti fi fóònù àti ìnujú sínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tó parí.

Òmíràn tún wà, kékeré, tí kò lápá, tí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ gan-an. Àwọn ìyá ayé Victoria ló ń lò ó láti fún ọmọ lọ́mú, nursing chair ni wọ́n ń pè é. Tábìlì kò lè bá a mu láéláé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Nígbà tí ọmọbìnrin mi bímọ, tí mo lọ bá a wẹ ọmọ, àpótí ìdáná tí mo ń fojú sọ́nà fún kò sí nílé wọn. Sófà ga jù, ilẹ̀ sì jìn fún orúnkún mi. Mo gbé àga yìí lọ. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì nà gbọọrọ níwájú, bàsíà wà láàárín, apá àga kankan kò sí tó máa dí ìgbọ̀nwọ́ mi lọ́wọ́, mo wẹ ọmọ náà, mo fi òróró para rẹ̀, mo nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fà mí dìde. Ẹ yọ aṣọ àtijọ́ orí rẹ̀ kí ẹ fi rọ́bà tàbí awọ bò ó kí omi má bàa jẹ́ ẹ.

Àwọn tí mi ò ní gbé wọlé: àga Regency, ti ìgbà tó ṣáájú ayé Victoria, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí idà, ó rẹwà ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ni igi ti máa ń ṣẹ́, owó rẹ̀ sì pọ̀; àga wúrà ìhà Faransé, tó yẹ kó wà ní ilé àwòrán; àti chaise longue, ìjókòó gígùn olórí kan tí èèyàn kan ṣoṣo á nà sí nígbà tí àlejò mẹ́ta wà lórí ìdúró.

Kí ẹ tó náwó, ẹ lọ fojú lóúnjẹ ná. Gbọ̀ngàn àga àti tábìlì ní V&A, ilé àkójọ ohun àtijọ́ tó wà ní South Kensington, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì máa rí bí iṣẹ́ gidi ṣe rí níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tàn yín. Museum of the Home ní Hoxton náà ń to yàrá ìgbà kọ̀ọ̀kan síta, ọ̀fẹ́ lòun náà. Fún rírà, ọjà Kempton ni tèmi, lórí pápá ìdíje ẹṣin ní Sunbury, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì àti èyí tó gbẹ̀yìn lóṣooṣù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání lásìkò òtútù. Ìta gbangba ni ẹ kọ́kọ́ yà sí, ẹ fi inú ilé ṣe ìkẹyìn, ìta ni ẹni tó tú ilé òkú palẹ̀ lánàá ti ń tà á láìtíì fọ̀ ọ́, tí owó rẹ̀ sì ṣì dúró síbi tó dáa. Ẹ ná an. Òyìnbó ibẹ̀ ń retí pé kí ẹ ná an, àmọ́ wọn kì í ná an bíi ti ọjà Òkè-Àjẹ́: èèyàn kì í sọ ìdajì owó. Ẹ fi ọwọ́ kan ihò kòkòrò, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tó ń mì, kí ẹ wá béèrè iye tó máa gbẹ̀yìn. Ilé gbàǹjo tún lè dínwó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé wọn dáadáa, torí pé owó tí wọ́n máa fi lé iye tí ẹ pè lè tó ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Àga ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta tí kò bára mu ni owó rẹ̀ kéré jù, torí pé mẹ́fà tó bára mu ni gbogbo ayé ń wá. Mo mọ ìdílé kan ní Thamesmead tí wọ́n ra balloon-back mẹ́fà láti ibi mẹ́fà, kò sí ẹ̀yìn méjì tó jọra, wọ́n fi aṣọ kan náà bo gbogbo ìjókòó rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n pàṣẹ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn 100.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, ooru rẹ̀ ló ń gbẹ gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí oríkèé fi ń dẹ̀. Ìda oyin díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó o, ẹ má fi ohun olóòórùn inú agolo fọ́n ọn. Èmi ń padà sí Kempton lópin oṣù yìí. Ọmọ àbúrò mi ń reti ọmọ, ó sì ti ní kí n bá òun wá nursing chair. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣáájú mi débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀.